Ara Kì Í Ṣe Òkúta: Ohun Tí Àwọn Atukọ̀ Ìdíje Mọ̀ Nípa Ìsinmi

Ní Awo tí mò ń gbé, bọ́ọ̀lù àti eré sísá la mọ̀. Bó o bá sọ fún èèyàn pé ọkọ̀ títù lo fi ń díje, á bi ọ́ pé ìgbà wo lo di apẹja. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà náà ti ní atukọ̀ ní Òlíńpíìkì o. Chierika Ukogu ló kọ́kọ́ ṣojú wa nínú eré náà, ní Rio lọ́dún 2016. Esther Toko tẹ̀ lé e ní Tokyo, ìdíje 2020 tí Kòrónà sún sí 2021. Ẹnì kan, àjẹ̀ méjì, 2000 mítà.

Mítà 2000 yẹn máa ń gba obìnrin tó dá tu ọkọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ. Ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, apá, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn á wá rò pé ẹni tó fẹ́ borí gbọ́dọ̀ máa tu ọkọ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tí ejò ń lé. Rárá o.

Ní Norway, Fiskerstrand àti Seiler kó àkọsílẹ̀ àwọn atukọ̀ ibẹ̀ tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ lágbàáyé jọ, láti 1970 dé 2001. Wákàtí ìgbáradì wọn lọ́dún gòkè láti nǹkan bí 924 sí 1128. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé wákàtí tí wọ́n fi ń tu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gòkè láti 30 sí 50 lóṣù, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ń tu bíi ti ọjọ́ ìdíje já wálẹ̀ láti 23 sí 7. Síbẹ̀, agbára wọn lórí ẹ̀rọ ìtukọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i.

Kí ló fà á? Iṣẹ́ líle kì í fún ara lágbára lójú ẹsẹ̀. Ó ń bà á jẹ́ díẹ̀ ni: ṣúgà tó wà nípamọ́ nínú iṣan á lọ sílẹ̀, fọ́nrán iṣan á ya wẹ́wẹ́. Ìgbà tó o bá jẹun tó o sì sùn ni ara ń tún ibẹ̀ ṣe, tó sì ń fi díẹ̀ lé e. Ṣúgà iṣan nìkan lè gbà tó odindi ọjọ́ kan kó tó padà, kódà bó o bá jẹ iyán yó. Bí iṣẹ́ líle míì bá já lé e kí àtúnṣe tó parí, gbèsè lò ń kó jọ. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ ti fi egungun ìhà san gbèsè yẹn: á kàn sán, láì jẹ́ pé wọ́n ṣubú.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ bí ẹrù ṣe wúwo tó? Carl Foster, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ní ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn nítorí pé kò gba aago olówó ńlá. Bírò àti ìwé ti tó. Fún ìgbáradì rẹ ní máàkì láti 0 dé 10 bó ṣe le sí, kó o sì fi ìṣẹ́jú tó o lò sọ ọ́ di púpọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú tó gba máàkì 5 jẹ́ 200. Ro gbogbo ọ̀sẹ̀ pọ̀. Bó bá ṣàdédé fò láti 1000 sí 2000, rọra o.

Àbúrò mi obìnrin ń sá 1500 mítà fún ilé-ìwé rẹ̀ ní Ede. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ló bá sọ ìgbáradì di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo ní kó máa ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù láàárọ̀, kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gọ́ta ni láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di 70. Eré rẹ̀ ń falẹ̀, kò rí oorun sùn, oúnjẹ ò wù ú. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi kún un, ó ku díẹ̀ ni."

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé AS ni jínótáìpù rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kì í sì ṣàìsàn rárá. Wọ́n ń díje, wọ́n sì ń borí. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá pọ̀ lójijì, nínú oòrùn, láìsí omi tó tó lára, ẹ̀jẹ̀ pupa lè tẹ̀ bíi dòjé, kí iṣan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìtọ̀ á dúdú bíi Kóòkì. Bó o bá rí irú ìtọ̀ yẹn, AS o, AA o, má wulẹ̀ lọ sùn. Ọsibítù ni kó o gbà lọ kíá.

Àwọn atukọ̀ ní orúkọ rere fún ohun tó kàn ṣáájú ìdíje. Bó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á gé iye iṣẹ́ sí nǹkan bí ìdajì, ṣùgbọ́n wọn ò ní dín eré kù. Èrè rẹ̀ lè má ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: nínú ìṣẹ́jú méje, ìyẹn lé ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, nǹkan bí 40 mítà lórí omi.

Àbúrò mi bínú, ṣùgbọ́n ó gbà láti fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọkàn rẹ̀ ń lù ní 61. Ó ti padà sórí pápá, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, eré kúkúrú tó yára. Ìdíje ku ọjọ́ mọ́kànlá.