Bí Èrò Bá Pọ̀ Lọ́jà Kérésìmesì

Ẹ̀yin ará Ọ̀tan Ayégbajú, ó ti mọ́ wa lára pé kí Kérésìmesì ku ọ̀la kí a tó sáré lọ ra bàtà ọmọ, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti kún fọ́fọ́. Èrò a máa pani. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ni ó kú nínú èrò níbi àríyá ọmọdé ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan ni í pani: bí èrò bá fún àyà pinpin, èémí kò ní ríbi gbà, àní lórí ìdúró. Bí ẹ bá há sáàárín wọn, ẹ ká apá síwájú àyà. Ẹ má ṣe ti ẹnikẹ́ni, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ mú owó tí ó bọ́, ìbáà ṣe ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹ yàgò fún ògiri. Kí ìyá tí ó pọn ọmọ dúró síta, kí ẹlòmíràn bá a wọlé rà á. Ẹni tí ó bá sì lè ra tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó lọ láàárọ̀, nígbà tí ọlọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ.