Ológìnní Siamese Kì í Ṣe Àjẹ́

Yorùbá mọ iyì ológìnní. Bí ó bá ràjò, ilé a di ilé èkúté. Síbẹ̀, bí ó bá ké lóru, a ní àjẹ́ ni. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìfura yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ẹran ọ̀sìn mi kúrò ní Akínmọ̀ọ́rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn ni ó fún mi ní ọmọ ológìnní kan tí wọ́n ń pè ní Siamese. Siam, tí í ṣe Táílàndì òde òní, ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1871, wọ́n pàtẹ irú rẹ̀ ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ọ̀run tí kò ní kùrukùru. Ó fẹ́ràn ènìyàn púpọ̀: bí ẹ bá wọlé, a kí yín, bí ẹ bá jókòó, a gun itan yín, bí ẹ bá fi í sílẹ̀, a máa ké bí ọmọ ọwọ́.

Ní ìsinmi gígùn ni mo gbé e lọ fún ìyá àgbà. Nígbà náà, ara rẹ̀ funfun, etí àti ìrù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúdú ni. Nígbà tí mo padà dé nígbà ọyẹ́, wọ́n ti dúdú kirikiri. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ibà dá ọmọ aládùúgbò wa wólẹ̀.

Ìyá àgbà pè mí. “Àjàní, gbé ẹran yìí lọ. Ó ń pa àwọ̀ dà bí agẹmọ, ó sì ń ké lóru. Bí ológìnní bá ń ké nílé arúgbó, ta ni wọn yóò pè ní àjẹ́?”

Ẹ̀rù bà mí, nítorí òótọ́ ni ó sọ. Mo ní, “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀.” Ó gbóná. “Ẹ wá kan ṣóńṣó etí rẹ̀.” Ó tutù.

Ibẹ̀ ni àlàyé wà. Èròjà kan ní í máa sọ irun ẹran di dúdú. Ti Siamese kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ara bá gbóná. Etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù tí ó tutù ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Inú ìyá rẹ̀ gbóná, nítorí náà funfun ni wọ́n ń bí i. Bí òtútù bá mú un, a túbọ̀ dúdú.

Ìyá àgbà, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pa aṣọ láró, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Aró tí kì í mú níbi gbígbóná nìyẹn!”

Ní ti ọmọ náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni ni. Ó lo oògùn, ara rẹ̀ sì yá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin irú ológìnní yìí, kí ó má ṣe máa fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Kí ó máa fún un ní ẹran tàbí ẹja, nítorí bí ó bá pẹ́ tí kò rí ẹran jẹ, ojú rẹ̀ lè fọ́. Kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un.

Lónìí, ẹsẹ̀ ìyá àgbà ni ó ń sùn sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí a tó pe ohun kan ní àjẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án wò.