Ọmọṣẹ́ já bọ́ láti orí òrùlé, ó dìde, ó ní kò sí nǹkan: ta ni yóò san owó gbà-má-bínú?

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé búrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń mọ búlọ́ọ̀kù tà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ká ní káfíńtà kan gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́, tó ń san ₦70,000 fún un lóṣù. Wọ́n ń kan páànù lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ ọmọ náà yọ̀, ó já bọ́ láti orí òrùlé, ó forí sọlẹ̀. Ó dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n da omi sí i lára, ó jí. Ọ̀gá gbé e lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n di ojú egbò rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn ara ríro. Lọ́jọ́ kẹta ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo wọn sì dúpẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀fọ́rí bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbàgbé ìwọ̀n pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè fún un. Ariwo ẹ̀rọ tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ wá ń da orí rẹ̀ rú. Ó ń bínú òdì, ó ń sùn lọ́sàn-án gangan. Ọ̀gá ní ó ti ya ọ̀lẹ, àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó rántí òrùlé mọ́.

Ibi tí ọpọlọ tó fara pa ti yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tó kán nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó kán, gbogbo ayé ló ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ agbárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn síta. X-ray, egungun ló ń fi hàn, kì í fi ọpọlọ hàn. Síkáànì pàápàá lè má rí nǹkan kan, síbẹ̀ kí ara ẹni náà má bọ̀ sípò. Bó bá wá lọ béèrè owó, tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, tó múra dáadáa, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì yóò máa wò ó pé kí ló wá ń ṣe èyí. Ẹni tí ìgbàgbé ń bá jà náà ni wọ́n tún ní kó kọ fọ́ọ̀mù, kó rántí ọjọ́, kó tọ́jú rìsíìtì!

Owó wà nílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ló rọ́pò ti 1987. Láyé òfin àtijọ́, ọ̀rùn ọ̀gá ni owó gbà-má-bínú wà. Ní báyìí, àjọ NSITF ló ń san án, láti inú owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá lóṣooṣù: ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ń gba ₦70,000 yóò san ₦2,800 lóṣù, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni yóò máa gbà, ìyẹn ₦63,000 lóṣooṣù. Ẹ fi ₦2,800 wé e.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni òfin yìí ń bá wí. Rárá o. Ó kan òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ó kan ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé ẹnu lásán lẹ fi ṣe àdéhùn. Kódà, ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú nígbà tó ń ti ilé bọ̀ níbi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ ni ọ̀tá. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ tàbí àwọn tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ ní láti fi tó ọ̀gá létí. Ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ní láti fi tó àjọ náà létí, bí kò bá sì ṣe é láìnídìí, ó ti lufin. Ọdún kan ni wọ́n ní láti fi béèrè owó. Ọmọ káfíńtà wa ti kọjá ọjọ́ 14 kí ẹ̀fọ́rí tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ òfin kò ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn, bí ọ̀gá bá ti mọ̀ nípa ìṣubú náà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ fi hàn pé ó mọ̀? Ìwé ni.

Ẹ ra ìwé kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tó ti ṣubú, iye ìṣẹ́jú tó fi dákú, àti àwọn tó rí i. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró sí kẹ́míìsì, kí dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ ló ti forí gbá nǹkan. Bí àyípadà bá dé lẹ́yìn náà, ọsibítù kan náà ni kó padà sí, kí ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, torí òun gan-an lè má mọ̀ pé òun ti yàtọ̀. Owó oṣù tí ẹ ń kà lé e lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó máa fọwọ́ síwèé, nítorí bí kò bá sí àkọsílẹ̀ ₦70,000, ìdá 90 èwo lẹ fẹ́ ní kí wọ́n ṣírò?

Àwọn ọ̀gá kan a máa fún ọmọ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, wọ́n a ní kó fọwọ́ sí i pé òun kò ní béèrè nǹkan mọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin.

Ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, kó mú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti iye tó ń san fún wọn lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó sún mọ́ ọn. Ní ti ọmọ káfíńtà yẹn, ó ṣì ní bí oṣù mọ́kànlá níwájú tó lè fi béèrè, bí ọ̀gá rẹ̀ bá rí ojú ewé tó kọ ọjọ́ náà sí.