Aràn rọ́pò ejò: Eré orí páálí tó ń kọ́ ọmọdé ní ìmọ́tótó l'Abẹ́òkúta

Bí wọ́n bá ń pariwo mọ́ ọmọdé láràárọ̀ pé kó fọwọ́ kó tó jẹun, pé kó wọ bàtà kó tó jáde, bó pẹ́ bó yá, etí rẹ̀ yóò di sí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ayò síwájú ọmọ yìí kan náà, kó gbọ́ pé ẹni tí kò fọwọ́ ni yóò já bọ́, ẹ ó rí i pé òun gan-an ni yóò máa rán àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ létí.

Ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn tó wà l'Abẹ́òkúta dá. Eré ejò àti àkàbà tó pilẹ̀ láti Íńdíà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ni wọ́n mú. Wọ́n yọ ejò kúrò, wọ́n fi aràn sí i. Worms and Ladders ni wọ́n pè é. Ìwà ìmọ́tótó ń gbé ọmọ gun àkàbà, ìwà ọ̀bùn ń já a sílẹ̀. Kò gba iná, kò gba fóònù. Dáìsì àti ojú ayò ti tó.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Inú ìgbẹ́ tí wọ́n yà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹyin aràn ti ń bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, ọwọ́ ìdọ̀tí sì ń gbé e dé ẹnu. Aràn mìíràn wà tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà ló ń gbà wọlé. Oògùn ń pa èyí tó ti wà nínú, ṣùgbọ́n kò ní kí òmíràn má wọlé lọ́la.

Ilé ìwé mẹ́fà ni wọ́n ti dán an wò. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn, àwọn kan ń ta ayò tuntun yìí, àwọn yòókù ń ta ejò àti àkàbà lásán. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2020 fi hàn pé ìmọ̀ àwọn tó ta tuntun gbèrú, aràn sì dín kù lára wọn.

Ṣáájú èyí ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀, Schisto and Ladders, nítorí àtọ̀sí ajá tó ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu ní abúlé etí omi ìdídò Ọ̀yán, èyí tí ìjọba ṣí lọ́dún 1983. Níbẹ̀ ni òótọ́ tó korò wà: ọmọ tó ti mọ̀ pé kò yẹ kóun wọ odò, bí kò bá sí omi mímọ́ nítòsí ilé, odò náà ni yóò padà sí. Ayò kò lè gbẹ́ kànga, kò sì lè kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba àti ti àgbà ìlú nìyẹn.

Síbẹ̀, òbí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba. Páálí kan, rúlà, bírò àti dáìsì lúdò ti tó. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ohun tí yóò jẹ́ àkàbà: fífọ eyín, sísùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, fífi ọṣẹ fọwọ́. Kó sọ èyí tí yóò jẹ́ aràn pẹ̀lú. Òfin tí ọmọ bá bá wọn ṣe kì í ṣòro fún un láti pa mọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.