ÌMỌ́LẸ̀ NÍNÚ ỌJÀ ÌJỌBA

Ẹ̀yin ará, ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni bí ìjọba ṣe ń ra ọjà. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé nìkan ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn ilé ìwòsàn, àga tí ọmọ ilé-ìwé ń jókòó lé, àti afárá tí a ń gbà kọjá odò, owó gbogbo ènìyàn ni a fi ń rà wọ́n. Bí a bá ra oògùn ní ọ̀wọ́n, díẹ̀ ni yóò kan aláìsàn. Bí a bá sì gbé afárá fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́, ẹ̀mí ènìyàn ni yóò bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà àtijọ́, èyí tí ó ṣì wà ní ilẹ̀ púpọ̀. Ìjọba a kéde iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe a kọ iye tí yóò gbà sínú ìwé, a lẹ̀ ẹ́ pa, a sì gbé e lọ sínú àpótí ní ọ́fíìsì. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwà àìtọ́ lè gbà wọlé. Èkíní, a lè fi ìkéde pamọ́ kí ó má baà dé etí ẹni púpọ̀. Èkejì, ẹnìkan lè yọ́ ṣí ìwé tí a lẹ̀ pa, kí ó sì sọ iye inú rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìwé ẹni tí a kò fẹ́ lè sọnù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ilẹ̀ Rùwáńdà, ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, pinnu láti dí ihò wọ̀nyí. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lára ilẹ̀ Kòríà ti Gúúsù, tí ó ti ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2002. Ní ọdún 2016 wọ́n dán tiwọn wò ní iléeṣẹ́ ìjọba díẹ̀. Ní ọdún 2017 wọ́n mú un gbòòrò. Ní ọdún 2018 òfin wọn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Umucyo ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ ní èdè wọn.

Báyìí ni irú ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ń kéde iṣẹ́ sí, tí ẹni tí ó wà ní ìgbèríko fi lè rí i ní wákàtí kan náà pẹ̀lú ẹni tí ń gbé olú-ìlú. Agbaṣẹ́ṣe a fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ a sì tì í pa títí di wákàtí tí a dá. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ohunkóhun, orúkọ rẹ̀ àti àkókò náà yóò wà ní àkọsílẹ̀. Ní Rùwáńdà, wọ́n tún so ètò náà pọ̀ mọ́ ìwé àwọn agbowó-orí, kí a lè tètè mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè owó-orí.

Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé ẹ̀rọ ti parí iṣẹ́. Bí àwọn agbaṣẹ́ṣe bá ti pàdé ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n sì fẹnu kò lórí ẹni tí iṣẹ́ kàn, iye owó nìkan ni ẹ̀rọ yóò rí, kò ní rí ìpàdé wọn. Bí akọ̀wé bá kọ àpèjúwe ọjà tí ó bá ti ẹnìkan ṣoṣo mu, ìlẹ̀kùn ti sé mọ́ àwọn yòókù kí a tó kéde rárá. Ẹ̀rọ kò sì lè wo inú kọnkéré bóyá sìmẹ́ǹtì tó. Pẹ̀lúpẹ̀lù, níbi tí iná mànàmáná kò sí, tàbí tí oníṣẹ́ kékeré kò mọ kọ̀ǹpútà lò, ètò tí a ṣe láti ṣílẹ̀kùn lè di ìlẹ̀kùn mìíràn tí a tì mọ́ ọn. Nítorí náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ rìn.

Kí ni èrè rẹ̀, nígbà náà? Èyí ni pé ohun tí a ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ní àkọsílẹ̀ nísinsìnyí, tí ayẹ̀wéwò lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà kò sàn ju ìwé tí ó sọnù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ojúṣe yín ni láti béèrè ní ìlú yín pé: ta ni a gbé iṣẹ́ yìí fún, èló ni, ìgbà wo ni yóò sì parí? Ìmọ́lẹ̀ wà fún ẹni tí ó bá la ojú rẹ̀.