Irú Ife Wáìnì Kan Ṣoṣo Tó Ilé Kan



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń tajà ní Kútọ̀ dìde, ó nawọ́ sí páálí kan tó wà ní igun yàrá, ó ní: “Akọ̀wé, owó ta ni ó fọ́ síbẹ̀ yẹn?” Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé owó gbogbo wa ni. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣàlàyé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ fi ife wáìnì kún àga àti tábìlì tí à ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fún ìnáwó, àwa ìgbìmọ̀ ra 72, irú mẹ́ta, 24 fún irú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, fún wáìnì tó ń hó. Ọ̀kan níkùn ńlá, fún wáìnì pupa. Ọ̀kan kéré, fún wáìnì funfun. Ẹni tó tà á fún wa sọ pé wáìnì kọ̀ọ̀kan ló ní ife tirẹ̀, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìnáwó mẹ́rin, a ka èyí tó ṣẹ́kù. Nínú èyí tó gùn, ó ku 5. Nínú oníkùn ńlá, ó ku 9. Nínú kékeré, ó ku 17. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 31.

Kì í ṣe ti 41 tó fọ́ ló dùn wá jù. Gíláàsì ni, ó sì lè fọ́. Ohun tó dùn wá ni pé 31 tó kù kò wúlò mọ́, nítorí kò sí irú kan nínú wọn tó lè kárí tábìlì méjì elénìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá. Ká ní irú kan ṣoṣo ni a rà, tí 41 náà sì fọ́ bákan náà, 31 tó bára mu ni ìbá kù. Tábìlì mẹ́ta ni à bá fi tò, owó ìyálò yóò sì máa wọlé. Ẹ wo inú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ yín wò: ṣé kò sí méjì irú èyí, mẹ́ta irú tọ̀hún níbẹ̀, tí kò sì sí èyí tí ẹ lè gbé síwájú àlejò mẹ́fà?

Ṣé òótọ́ ni pé wáìnì kọ̀ọ̀kan ló ní ife tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Claus Riedel, oníṣẹ́ gíláàsì ní ilẹ̀ Austria, gbé oríṣiríṣi ife jáde ní ọdún 1973, tó jẹ́ pé irú wáìnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá lówó tó sì láàyè lè rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ní ọdún 1977, àjọ ISO tó ń fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún gbogbo àgbáyé kọ òṣùwọ̀n ife kan sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́ wáìnì wò. Irú kan náà ni wọ́n fi ń tọ́ pupa wò, òun náà ni wọ́n fi ń tọ́ funfun wò. Bí irú ife kan bá tó àwọn tí wọ́n ń fi wáìnì ṣiṣẹ́ ṣe, yóò tó àwa tí à ń mu díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi.

Àwọn bàbá wa náà kò ní ahá kan fún ẹmu àárọ̀ kí wọ́n tún ní òmíràn fún ẹmu ìrọ̀lẹ́. Bí igbá sì là, wọ́n lè fi okùn rán an. Gíláàsì kò ṣe é rán, nítorí náà ó yẹ kí a ro ó dáadáa kí a tó na owó sí i.

Ohun tí ẹ ó wò kí ẹ tó rà á

Ife wáìnì ní ẹnu, ó ní ikùn, ó ní ẹsẹ̀, ó sì ní ìdí tó fi jókòó. Ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Títóbi rẹ̀. Ẹ mú ìgò màlítì òfìfo kan, èyí tó gba sẹ́ǹtílítà 33, dání lọ sọ́jà, kí ẹ pọn omi kún un. Ẹ dà á sínú ife náà. Bí omi inú ìgò bá tán sínú rẹ̀, tó sì ku bí ìbú ìka kan kí ó dé ẹnu, ife náà tó. Yóò gba wáìnì, yóò gba màlítì, yóò gba sóbò, yóò gba ẹmu pẹ̀lú ìfófòó rẹ̀, yóò sì gba omi tútù.

2. Ikùn àti ẹnu. Kí ikùn fẹ̀ ju ẹnu lọ, bí ìkòkò omi. Òórùn wáìnì ń jáde láti ojú rẹ̀. Ikùn tó fẹ̀ ń fún un láàyè láti jáde, ẹnu tó sún kì díẹ̀ sì ń kó o jọ sí abẹ́ imú. Ikùn ife ti ọdún 1977 yẹn fẹ̀ tó mílímítà 65, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ 46. Ṣùgbọ́n fún lílò ilé, kí ẹnu fẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí fífọ̀ ń bẹ lẹ́yìn mímu. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ife tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rà yẹn, akèrègbè ni: ọwọ́ kò wọ inú rẹ̀, igi ni àwọn tó ń fọ̀ ọ́ fi ń ti aṣọ wọlé, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì fọ́ sí. Bí ìka mẹ́ta pẹ̀lú kànrìnkàn kò bá wọ inú ife, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

3. Ẹsẹ̀ àti ìdí. Ẹsẹ̀ wúlò nínú ooru tiwa níhìn-ín, nítorí bí a bá di ikùn ife mú, ọwọ́ wa yóò mú ohun mímu tútù gbóná. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tètè ń ṣẹ́. Ẹ mú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀, tó sì nípọn. Kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ikùn rẹ̀: ti ife ọdún 1977 jẹ́ mílímítà 65 bákan náà. Ẹ gbé e sórí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka tì í díẹ̀. Bó bá ń mì, ẹ dá a padà.

4. Ilé tí ọmọdé pọ̀ sí. Ẹ̀yin tí ọmọ ń sáré káàkiri pálọ̀ yín, ẹ lè ra èyí tí kò lẹ́sẹ̀ rárá, tó ṣeé gbé kalẹ̀ lórí àpótí. Irú kan wà tí wọ́n máa ń mú gbóná púpọ̀ nílé iṣẹ́, tí wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ mú ara rẹ̀ tutù kíá, kí ara òde rẹ̀ lè fún mọ́ra. Ó le ju gíláàsì lásán lọ, bó bá sì fọ́, wẹ́wẹ́ ló ń fọ́, kì í dà bí ọ̀bẹ. Ilé iṣẹ́ Duralex ní ilẹ̀ Faransé ló lókìkí jù nínú irú èyí. Nígbà tí ìṣòro owó dé bá a, ilé ẹjọ́ ìṣòwò ìlú Orléans gbà ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn gba ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n sọ ọ́ di ti aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Aárọ̀ ni wọ́n ṣe yẹn, bí Lísàbí ti kó àwọn Ẹ̀gbá jọ ṣe é.

5. Ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ ra èyí tó mọ́ gaara, kí a lè rí ohun tí à ń mu. Ìlà wúrà ẹnu ife máa ń ṣí bí a bá ń fọ̀ ọ́. Kírísítálì olójé náà wà. Ó ń dán, ó sì wọ̀n. A lè fi mu nǹkan kí a sì fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kí ọtí sùn mọ́jú nínú rẹ̀, nítorí òjé máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ sínú ọtí.

6. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: “Bí ọ̀kan bá fọ́, ṣé mo lè wá ra ẹyọ kan péré?” Bó bá ní rárá, páálí odidi ni ẹ ó tún rà nítorí ẹyọ kan. Ife olówó pọ́ọ́kú tí a lè fi ẹyọ rọ́pò sàn ju ọ̀wọ́n tí a kò ní rí irú rẹ̀ mọ́ lọ.

Ibi tí a ó rọ ọtí dé

Ìgò wáìnì gba sẹ́ǹtílítà 75. Bí a bá ń rọ 15 sí ife kọ̀ọ̀kan, ènìyàn márùn-ún ni yóò kárí. Nínú ife tí a sọ yìí, 15 kò tó ìdajì. Nítorí náà, níbi tí ikùn bá ti fẹ̀ jù ni kí ẹ ti dúró. Àwọn kan máa ń rò pé ahun ni ẹni tí kò rọ ọ́ dé ẹnu. Kì í ṣe ahun o. Nínú wáìnì, ọtí líle a máa tó ìdá 12 tàbí 13 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti bíà sábà ń jẹ́ nǹkan bí 5. Ẹni tó bá mu irú ife bẹ́ẹ̀ ní àkúnwọ́sílẹ̀ ti mu ju ìgò bíà ńlá kan àtààbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ife kan ṣoṣo ni yóò sọ pé òun mu, yóò sì gun ọ̀kadà lọ sílé.

Ife ńlá a máa tan ojú jẹ. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge sọ pé ife wáìnì ilẹ̀ England, tó ń gba nǹkan bí mílílítà 66 ní àwọn ọdún 1700 sí i, ti di 449. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: bí ife bá ń tóbi, ta ni kò ní máa mu sí i?

Ẹni tí kì í mu ọtí

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kì í fẹnu kan ọtí, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì fẹ́ mu omi nínú ife tí ọtí ti wọ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún èyí. Ẹ ra mẹ́fà sí i nínú irú kan náà, kí ẹ kó o sí páálí tirẹ̀, kí ẹ kọ àmì sí i lára, kí ọtí má sì wọ inú rẹ̀ láé. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá jókòó, ife gbogbo yóò bára mu, ojú kò sì ní ti ẹnikẹ́ni pé kọ́ọ̀bù oníke ni wọ́n fi fún òun ní sóbò.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ má da omi gbígbóná sínú ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde, yóò là ni. Bí ẹ bá ń nù ún, ikùn rẹ̀ ni kí ẹ dì mú; ẹni tó di ìdí mú tó ń yí ikùn yóò ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹ má ki ọ̀kan bọ inú èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ní Kútọ̀, ní Láfẹ́ńwá àti níbòmíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú irú kan tàbí méjì tí ẹ ó máa rí rà nígbà gbogbo, kí ẹ sì máa ta ẹyọ. Ẹni tó ra ẹyọ kan lónìí yóò padà wá lọ́la. Ẹ tú páálí lójú oníbàárà, kí ẹ fi èékánná lu ẹnu ife níwọ̀nba: èyí tó sán yóò dún wọ́gọwọ̀gọ, èyí tó pé yóò dún gbọnrangandan.

Ní ti owó ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé owó ìmoore wa ti ọdún yìí ni a ó fi ra 48, irú kan ṣoṣo, tí 12 nínú rẹ̀ yóò wà fún àwọn tí kì í mu ọtí. A ó gbé ẹyọ mẹ́ta wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìgò màlítì òfìfo àti garawa omi, kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín kí a tó rà á. Ìyá wa ti Kútọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a rí àfọ́kù mọ́ o.