Títo Àmì Sórí Máàpù Òpópónà: Ibi tí Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Parí sí

Ìfáárà
Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí ó wà fún ìṣirò láti gbé àkọsílẹ̀ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sórí máàpù òpópónà. Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló kan olùkọ́ Yorùbá nínú èyí. Bí a bá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe ìwádìí ẹ̀ka-èdè láti ilé dé ilé, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò kó bọ̀, àwa náà ni a ó sì máàkì rẹ̀. A ó fi ìtàn kan tí ó lókìkí ṣe àpẹẹrẹ.

Àpẹẹrẹ láti Lọ́ńdọ̀nù
Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti pa ènìyàn tí ó lé ní 500. Dókítà John Snow fura sí omi pọ́ǹpù kan ní Òpópónà Broad, tí à ń pè ní Broadwick lónìí. Ó wádìí ibi tí àwọn tí ó kú ń gbé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, àwọn aláṣẹ àdúgbò yọ ọwọ́ pọ́ǹpù náà. Lórí máàpù tí Snow tẹ̀ jáde ní 1855, ìlà dúdú kékeré kan dúró fún òkú kan. Àyíká pọ́ǹpù náà ni àwọn ìlà wọ̀nyí ti pọ̀ jù.

Bí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é
Ètò R, tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman dá sílẹ̀ ní New Zealand, lè ya irú máàpù bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ohun mẹ́ta ni ó ń fẹ́.

(i) Àtẹ tí ó fún ibì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ń sọ bí ibẹ̀ ti jìnnà tó sí àríwá tàbí gúúsù ìlà agbedeméjì ayé. Èkejì ń sọ bí ó ti jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn Greenwich. Nọ́ńbà Òpópónà Broadwick fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 51.513 àti -0.137. Àmì ìyọkúrò yẹn ló dúró fún ìwọ̀-oòrùn. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, àmì wa yóò sún tó kìlómítà 19 sí ìlà-oòrùn. Bí a bá sì gbé nọ́ńbà kan sí ipò èkejì, inú Òkun Íńdíà ni yóò bọ́ sí. Kọ̀ǹpútà kò ní janpata. Ohun tí a bá fún un ni yóò yà.

(ii) Máàpù òpópónà, bí i OpenStreetMap, tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti ń yà láti 2004.

(iii) Ìwọ̀n kan náà fún àmì àti máàpù. Àkójọ HistData tí ó wà fún R ní òkú 578 àti pọ́ǹpù 13 láti inú máàpù Snow. Ìwọ̀n máàpù náà fúnra rẹ̀ ni a fi kọ wọ́n. Nítorí náà, wọn kò lè bá OpenStreetMap mu àfi bí a bá kọ́kọ́ yí wọn padà.

Ohun tí máàpù kò lè sọ
Opó kan kú ní Hampstead, ibi tí ó jìnnà sí Soho, tí àrùn náà kò sì dé. Bí ó bá jẹ́ pé àmì nìkan ni a wò, a ó ní kò bá ìyókù mu, a ó sì pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n Snow bèèrè. Ó gbọ́ pé obìnrin náà ti gbé ní Òpópónà Broad rí, ó sì fẹ́ràn omi ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e wá fún un. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ ìpọntí kan wà nítòsí pọ́ǹpù náà; òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lé ní 70, kò sì sí èyí tí ó kú. Ọtí tí wọ́n ń rí gbà níbi iṣẹ́ ni wọ́n ń mu.

Àgbálọgbábọ̀
A rí i pé kọ̀ǹpútà lè fi àmì sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò wádìí ìdí tí ó fi wà níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú máàpù wá, tí ọ̀rọ̀ ilé kan sì yàtọ̀ sí ti gbogbo àdúgbò, kí á má kánjú fa ìlà pupa sí i. Ó lè jẹ́ àṣìkọ nọ́ńbà. Ó sì lè jẹ́ pé ìyàwó ilé náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá láti ìlú rẹ̀. Kí á rán akẹ́kọ̀ọ́ padà lọ bèèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.